Mọ́tò Tí Kò Lè Dúró Nínú Igbó Adákẹ́

Ẹ fà mọ́ra níbí, ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe kó wú u tán báyìí, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kó lọ mumi, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mí lẹ́nu. Oòrùn ṣì wà lókè, abẹ́ igi máńgòrò yìí sì tutù. Èmi ni Ọdẹ́tókun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ẹsẹ̀ mi tó ti tẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o. Ẹsẹ̀ yìí ti dúró níwájú ẹfọ̀n tó ń bínú, ẹfọ̀n ló sì yà fún un. Ojú yìí ti wo ojú ebora, ebora ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ẹfọ̀n, kì í sì í ṣe ti ìbọn. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Bí mo bá sọ ọ́ tán, a ó mọ ẹni tí yóò ṣì máa rẹ́rìn-ín.

Mo ní ìyàwó kan, Ìbíwùmí lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ ọ́n, torí a kò tíì bí yín nígbà tó kúrò níbí. A kò bímọ, ṣùgbọ́n ilé wa kò dákẹ́ rí, torí obìnrin ọlọ́rọ̀ ni. Bó bá ń gúnyán, á máa bá odó sọ̀rọ̀. Bó bá ń gbálẹ̀, á máa bá ìgbálẹ̀ jà. Bí mo bá ń ti igbó bọ̀, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí òrùlé ilé mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Òkè-Ẹ̀fúùfù, ìlú tí wọ́n ti bí i, pé ìyá rẹ̀ kú. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní, "Ọdẹ mi, n kò ní pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ ilé ìdáná." Ó sì lọ.

Ọ̀nà ṣì wà nígbà tó lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn iwin kan tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti wá tẹ̀dó sí àárín ìlú wa àti ìlú wọn. Igi ń hù lọ́sàn-án gangan lójú àwọn àgbẹ̀, ẹni tó lọ bu omi lódò á dé, á bá ìrókò nínú yàrá rẹ̀. Bí igbó ṣe gbé ọ̀nà mì nìyẹn. Igbó Adákẹ́ la sọ ọ́, torí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́, a kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Èmi náà gbìyànjú láti fẹsẹ̀ là á. Igbó náà á yí mi po, á sì tì mí jáde sí ẹ̀yìnkùlé ara mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ọmọdé jáde nínú ilé àgbà. Èmi Ọdẹ́tókun, tí ìkookò ń gbọ́ orúkọ mi tó ń sá!

Ọdún ń gorí ọdún. Mo ń se ọbẹ̀ fún ẹnu kan ṣoṣo. Mo ń bá ajá mi sọ̀rọ̀, títí tí ajá fi kú. Mo wá ń bá ìbọn mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbọn kì í bi èèyàn pé kí ló rí lóko.

Ọkùnrin kan wà tó ń pa oyin tà, Fátólú lorúkọ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gun ọ̀kadà dé iwájú ilé mi. Kò pa ọ̀kadà náà, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, Òkè-Ẹ̀fúùfù ni mo ti ń bọ̀. Ìyàwó yín ṣì wà láàyè."

Àga tí mo jókòó lé ṣubú lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́. Ó ní bí ẹ bá ṣì wà, kí ẹ wá gbé òun wálé. Òun kò fẹ́ kí wọ́n sin òun síbi tí òun kò ti ní gbúròó yín."

Mo ní, "Báwo lo ṣe la Igbó Adákẹ́ já?"

Ó lu orí ọ̀kadà rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Igbó yẹn ń yí ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn padà, ṣùgbọ́n kò rí irin tó ń mí yí. Irin tó bá ń mí, ó ń kọjá. Èyí tó bá kú síbẹ̀, tòun ti ẹni tó gùn ún, ti àwọn iwin igbó ni. Ẹ má jẹ́ kó kú o." Ó fọwọ́ yí iná ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Ó ti mọ́ ọn lára láti má dúró.

Bí mo ṣe ra mọ́tò nìyẹn. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tà á fún mi. Mọ́tò àgbà ni, àwọ̀ ewé gbígbẹ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò ṣí àfi téèyàn bá fi èjìká tì í. Mo wà á lọ sọ́dọ̀ Láṣísì mẹkáníìkì, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi dóńgóyárò. Láṣísì gbọ́ ibi tí mo ń lọ, ó mi orí.

"Bàbá Ọdẹ, mọ́tò yìí kò lè gun Òkè-Ẹ̀fúùfù. Èémí rẹ̀ kéré."

"Kí la lè ṣe sí i?"

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ohun tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí hàn mí. Ihò irin kan ni, ó rí bí ọ̀fun, ìdérí irin róbótó kan sì wà nínú rẹ̀. "Bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ iná tó ń mú mọ́tò sáré, ìdérí yìí á ṣí, atẹ́gùn á wọlé, epo á bá a wọlé. Bí mo bá yún ọ̀fun yìí kó fẹ̀, tí mo sì fi ìdérí tó tóbi jù ú lọ sí i, á máa gba atẹ́gùn tó pọ̀. Á lágbára. Àmọ́ ó lè ba sílò rẹ̀ jẹ́ o."

"Kí ni sílò?"

"Bí ẹ bá dúró, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mímí tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ nìyẹn."

Mo ní, "Láṣísì, ìyàwó mi ni mo fẹ́ lọ gbé. Ta ló fẹ́ dúró? Yún un."

Ó yún un. Ẹ̀yin èèyàn, mọ́tò náà di nǹkan mìíràn! Mo tẹ iná, adìyẹ ìlú wa sá gun òrùlé, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn sì bá mi lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gbì-gbì-gbì. Ìró rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó wúkọ́, ó sì kú. Láṣísì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tún kú. Ó yí ìdè kékeré tó ń mú ìdérí náà ṣí díẹ̀, mọ́tò pariwo bí ìjì, ó gbọ̀n, ó tún kú.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó jọ pé atẹ́gùn kan ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. Èèyàn méjì ló ń wá irú ẹ̀. Ẹnìkan á máa tẹ iná, ẹnìkejì á…"

N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí n sọ fún un? Bí mo bá ń lọ, mọ́tò kì í kú. Nítorí náà, n kò ní dúró. Mo gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ìbọn àti àpò ọdẹ mi sẹ́yìn mọ́tò, mo fi ìkòkò tábà mi sẹ́nu, mo ṣí lọ.

Ìlú tí mo kọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí mo fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ ni Arìnmásinmi. Bí ẹ kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ dúpẹ́. Gbogbo ará ìlú náà ló ń rìn. Wọ́n ń rìn jẹun, wọ́n ń rìn tajà, wọ́n ń rìn gbé ìyàwó. Bí oorun bá kun ẹnìkan, á fọwọ́ lé èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀, á di ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa lọ. Ọ̀nà ìlú náà yí ká bí etí agbọ̀n. Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀ ni mo bá ara mi láàárín wọn, n kò rí ibi tí mo máa gbà jáde. Mo fi jíà sí ti kékeré, mo ń bá wọn yí.

Ọba wọn, obìnrin àgbàlagbà kan tó gùn tó sì gbẹ, wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, ó ń bá mi rìn. Wọ́n ń pè é ní Yèyé Arìn.

Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o, Kábíyèsí."

Ó ní, "Ìwọ ni àlejò àkọ́kọ́ tí kò ní kí a dúró kí òun."

"Èmi náà kò lè dúró, Yèyé. Bí mo bá dúró, mọ́tò mi á kú."

Ó ní, "Bí àwa bá dúró, a ó rántí àwọn tí a ti pàdánù. Ìdí tí a fi ń rìn nìyẹn. Ìwọ ńkọ́, ta lo ń rìn nítorí rẹ̀?"

Mo sọ ti Ìbíwùmí fún un. Ọ̀rọ̀ náà gùn, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí. A yí ìlú náà po, a tún un yí, òun lórí ẹsẹ̀, èmi nínú mọ́tò, bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń ti oko dé. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Àlọ́ kan ló ń ṣí ọ̀nà ìlú yìí. Bí o bá mọ̀ ọ́n, o ó lọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, epo rẹ á tán, o ó sì bọ́ sílẹ̀ máa bá wa rìn. Gbọ́ o. Àlejò kan wà. Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ ló kọ́kọ́ wọ ilé rẹ. Kò jókòó rí. Bó ti ń wọlé ló ń jáde. O kò fún un lóúnjẹ rí, kò sì béèrè. Ọjọ́ tó bá jáde tí kò padà, àwọn èèyàn á wá kí ẹ nílé, o kò sì ní dá wọn lóhùn. Ta ni àlejò náà?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ má dá mi lóhùn, n kò fẹ́ kí ojú tì yín. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tó wà lórí yìí, mo ronú títí. Mo ní ebi ni, Yèyé mi orí. Mo ní oorun ni, ó tún mi orí. Inú ìrònú ni mo wà tí ẹsẹ̀ mi fi kúrò lórí iná. Mọ́tò gbọ̀n, ó wúkọ́, ó fẹ́ kú, mo sì sáré tẹ iná fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Mo kígbe pé, "Èémí ni! Èémí ni, Yèyé!"

Gbogbo ìlú náà hó yèè láìdúró. Àwọn tó wà níwájú mi pín sí méjì, ọ̀nà sì là. Yèyé Arìn bá mi sáré díẹ̀, ó di fèrèsé mú. Ó ní, "Bí o bá rí i, sọ fún un pé…" Mo gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n mọ́tò ti ń yára, ọwọ́ rẹ̀ já. N kò mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ di òní olónìí. Mo wẹ̀yìn nínú dígí, mo rí i tó ń kéré sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń lọ.

Igbó Adákẹ́ ló kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lómi.

Ẹ ṣeun. Bí imú mọ́tò mi ṣe wọ inú igbó náà, gbogbo ìró ayé kúrò. Ẹyẹ wà lórí igi, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Odò ń ṣàn lórí òkúta bí òróró. Ẹ́ńjìnnì mi nìkan ló ń dún, ìró rẹ̀ sì ń bà mí lẹ́rù, torí ó dà bí ẹni tó ń pariwo nínú ilé òkú. Mo tẹ iná, mo ń lọ, títí mo fi dé àárín igbó. Níbẹ̀ ni ọ̀wọ́ ìgalà kan ti ń sọdá ọ̀nà.

Èmi tí ẹ rí yìí, mo ti pa ìgalà tó pọ̀ ju irun orí yín lọ, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Wọ́n funfun bí òwú. Pátákò wọn kò dún. Wọ́n ń jáde láti apá ọ̀tún, wọ́n ń wọ apá òsì, wọn kò sì tán. Kò síbi tí mo lè yà sí. Mo tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró, ó gbọ̀n gbì-gbì-gbì, ó wúkọ́, ó kú.

Ẹ kò tíì mọ ìdákẹ́jẹ́ rí. Mo yìnbọn sókè, ìbọn kò dún, ọta jáde lẹ́nu rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ bí ekùrọ́. Mo wò yí ká. Ohun tí mo rò pé òkìtì ewé ni, mọ́tò ni wọ́n, mọ́tò àti ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìtàkùn ti bo gbogbo wọn. Àwọn èèyàn jókòó nínú wọn. Ojú wọn là, àyà wọn kò sì lọ sókè sódò. Wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí, bí àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ ṣe ń wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó wá sọ́dọ̀ mi. Ara rẹ̀ dà bí èéfín, aláǹtakùn ti ta àwọ̀n sí i létí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú igbó náà ṣì ń dé etí ara wọn. Ó ní, "Kú àbọ̀. Adáwà ni wọ́n ń pè mí."

"Ta ló sọ ẹ́ lórúkọ yẹn?"

"Èmi náà ni. Mo gbàgbé ti tẹ́lẹ̀. Mo ń fi mọ́tò kó iṣu nígbà ayé mi, ó kú síbí." Ó tọ́ka sí orí igi. "Bí oòrùn bá fi orí àwọn igi yẹn sílẹ̀, àyà rẹ náà á dákẹ́. Kì í dunni."

Mo ní, "N kò fẹ́. Mo ń lọ gbé ìyàwó mi. Báwo ni mo ṣe lè kọjá àwọn ìgalà yìí?"

"Wọ́n ń yà fún ohun tó bá dúró níwájú wọn tó sì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́. Bí o bá pariwo sí wọn, wọ́n á pọ̀ sí i. Bí o bá kú, wọn kò ní tán láéláé."

Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Agbára tí Láṣísì fi sínú mọ́tò mi, tó lè fa ìrókò tu, kò wúlò níbẹ̀. Mo sítáàtì mọ́tò, mo tẹ iná kó má bàa kú, ó bú ramúramù, ìgalà sì pọ̀ títí wọ́n fi ń fara nu ara mọ́tò. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó kú. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo nu ìdérí irin náà, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn ihò kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yí ìdè náà kó máa gba atẹ́gùn sí i. Bákan náà ni. Oòrùn ń rọra kúrò lórí igi. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ Láṣísì, pé èèyàn méjì ló ń wá irú àìsàn yìí. Mo wo ìjókòó mọ́tò, kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Èmi tí mo ti dá nìkan kojú ẹkùn, mo fi ọwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì sunkún. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ìyá yín lẹ ó máa ké pè.

Adáwà ṣì dúró tì mí. Mo nu ojú mi, mo ní, "Adáwà, wá bá mi ṣe nǹkan kan."

Ó ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní kí o wá bá mi ṣe é. Jókòó síbi tí mo jókòó sí, kí o máa tẹ iná fún mi díẹ̀díẹ̀ kí mọ́tò má kú. Èmi á máa wá ibi tó ń ṣe é."

Ó wò mí bíi pé mo sọ èdè tó gbọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. "Bí mo bá ṣe é, o ó lọ, á tún ku èmi."

"Òótọ́ ni. N kò ní purọ́ fún ẹ."

"Látìgbà tí mo ti wà níbí, kò sẹ́ni tó ní kí n wá bá òun ṣe nǹkan." Ó wọ inú mọ́tò.

Ó gbé ẹsẹ̀ lé iná jẹ́ẹ́, bí awakọ̀ tó mọṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ṣùgbọ́n kò kú. Mo ṣáná sí ìkòkò tábà mi, mo fa èéfín sẹ́nu, mo tẹ orí ba, mo sì ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ yí ọ̀fun mọ́tò náà ká. Èéfín ń fò lọ sókè bí èéfín ṣe ń ṣe. Àfi nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀fun yẹn ti fara mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀ ni èéfín ti tẹ̀ wọlé ṣíín, bí ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́ wọ yàrá!

Mo ké sí i pé, "Mo ti rí i! Adáwà, pa á!"

Mo fi sípánà tú u. Bébà kan tí wọ́n ń pè ní gáskẹ́ẹ̀tì wà láàárín irin méjèèjì, òun ló ń dí àlàfo wọn. Ihò àtijọ́ ni wọ́n gé bébà náà fún. Nígbà tí Láṣísì yún ọ̀fun kó fẹ̀, etí ihò náà kọjá etí bébà, àlàfo sì ṣí sílẹ̀. Atẹ́gùn tí kò gba ẹnu ọ̀nà ló ń yọ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kò sì sí epo tó bá a dọ́gba. Mo gé ìbòrí àpò ọdẹ mi, awọ etu tó ti rọ̀. Mo tẹ́ ẹ lé ẹnu irin náà, mo fi òkúta lù ú yí ká pẹ́pẹ́pẹ́ títí àpá etí irin fi hàn lára awọ, mo fi ọ̀bẹ gé e bí àpá ṣe wí. Mo fi epo pa á, mo dè é padà. Oòrùn ku bí ojú abẹ́rẹ́ lórí igi. Èémí mi náà ti ń ṣòro.

"Adáwà, sítáàtì rẹ̀."

Ó sítáàtì rẹ̀. Ìró rẹ̀ ga ju bó ti yẹ lọ, torí mo ti yí ìdè yẹn ṣáájú. Mo yí i padà díẹ̀, ìró sọ̀ kalẹ̀. Mo tún yí i díẹ̀. "Gbé ẹsẹ̀ kúrò."

"Ṣé kí n gbé e kúrò?"

"Gbé e kúrò."

Ó gbé e kúrò. Mọ́tò náà kò gbọ̀n. Kò wúkọ́. Ó ń mí pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tó ti mu ọmú yó. Àwọn ìgalà funfun dúró, gbogbo wọn yí ojú sí wa, wọ́n gbé etí sókè. Wọ́n wá rọra yà sí méjì, ọ̀nà sì là. Àyà mi ṣí, mo fa atẹ́gùn sínú, mo sì gbọ́ ọ.

Adáwà kò tètè dìde. Ó ní, "Jẹ́ ká gbọ́ ọ díẹ̀." A jókòó, a ń gbọ́ ọ. Mo ní, "Bá mi lọ." Ó sún sí ìjókòó kejì, mo wakọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nípa iṣu, nípa àwọn ọ̀nà tó mọ̀ nígbà kan, nípa obìnrin kan tó máa ń dín àkàrà létí títì, tí kò jẹ́ kó sanwó tán rí. Ó ní, "Orúkọ mi ń bọ̀ o, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu mi." Ibi tí igbó parí sí ni a ti jáde sínú oòrùn. Mo yíjú láti gbọ́ orúkọ náà. Ìjókòó ti ṣófo. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí ilẹ̀ etídò.

Mo gun Òkè-Ẹ̀fúùfù. Bí mo bá ní kí n sọ bí mo ṣe gùn ún, ẹ ó ní mo ń fúnnu, ẹ ó sì rí i pé òótọ́ ni. Òkè náà ga débi pé àṣá ń fò nísàlẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mọ́tò mi gùn ún bí ewúrẹ́ ṣe ń gun ògiri.

Ìbíwùmí jókòó lórí àpótí níwájú ilé ìyá rẹ̀. Ó ti kéré. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ti gbó o, Ọdẹ."

Mo ní, "Ìwọ náà kò kéré."

"Ṣé ewúrẹ́ kò wọ ilé ìdáná?"

Mo gbé e, kò wúwo ju agbọ̀n ẹ̀gúsí lọ, mo gbé e sínú mọ́tò. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ wí, ó bá mi wí, ó bá ilẹ̀kùn mọ́tò tí kò ṣí wí. A la Igbó Adákẹ́ kọjá, ohùn rẹ̀ ń dún nínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fọ abọ́. Mo dúró níbi tí àwọn ìgalà ti sọdá, mo ké pe Adáwà. Àwọn tó jókòó ń wò wá, òun kò sí láàárín wọn. Ìbíwùmí béèrè ẹni tí mo ń pè, mo sọ fún un. Ó yọ orí síta, ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹni tó bá ọkọ mi tẹ iná!" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Nígbà tí a jáde nínú igbó, n kò rí Arìnmásinmi lójú ọ̀nà mọ́. Orí àpáta kan wà lójú ọ̀nà tí èèyàn ti ń rí gbogbo òrùlé ìlú wa. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Mo dúró. Mọ́tò dúró jẹ́ẹ́, ó ń mí. Ìbíwùmí wo ìlú náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ń ka òrùlé sí ara rẹ̀ lẹ́nu, ti lágbájá, ti tàmẹ̀dò, èyí tí kò mọ̀. Ó ní, "Ta ló wá ń se oúnjẹ fún yín látìgbà yìí?"

Mo ní, "Èmi náà ni. Mo ti mọ ẹ̀fọ́ sè. Àmọ́ iyọ̀ ń dà mí láàmú. Ìgbà mìíràn á pọ̀, ìgbà mìíràn n kò ní rántí fi sí i rárá." Mo dúró kó fi mí rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yíjú. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára òrùlé ìlú, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ti jáde, kò sì padà.

N kò pa ẹ́ńjìnnì náà. Mo jókòó tì í, mo sì sọ ìyókù fún un: ti ajá tó kú, ti ìbọn, ti Yèyé Arìn tí n kò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ tán, mo fi jíà kékeré sí i, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí gbogbo nǹkan, mọ́tò sì rọra ń gbé wa sọ̀ kalẹ̀ láìsí pé mo tẹ iná. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní àwọn kò gbọ́ ìgbà tí a wọlé.

Ẹ̀yìn ilé mi la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí mo ti lè sọ̀rọ̀ kí ohùn mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tó báyìí. Ẹ dìde, ẹ gbọn eruku kúrò lára aṣọ yín, kí ẹni tó bá ní ẹnì kan nílé tètè lọ bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan kàn bá mi gbé àga yìí wọlé, kó sì jókòó tì mí díẹ̀ kó tó máa lọ.